Ta Ni Ó Sọ Pé Òpè Ni Ọ̀bọ?

"Ààyá gbọ́n, Ògúngbẹ̀ náà gbọ́n, bí Ògúngbẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ààyá ń tiro." Báyìí ni àwọn àgbà Yorùbá wí. Ọdẹ ni Ògúngbẹ̀, ẹran orí igi ni ààyá. Òwe náà kò sọ pé ọdẹ nìkan ni ó gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé oríire lásán ni ó yọ ààyá lọ́wọ́ ọdẹ. Ohun tí ó sọ ni pé ọgbọ́n méjì pàdé nínú igbó, tí ọ̀kan ń wá ọ̀nà àtirí èkejì kí èkejì tó rí i. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti dúró lábẹ́ igi rí, ó sì ti rí bí ẹran ṣe ń ṣọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Lónìí, bí ènìyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíláàsì kọjá ní Apákun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, òwe yẹn kọ́ ni ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́. "Ọ̀bọ!" ni yóò gbọ́. Bí inú bá bí olùkọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a fi kún un pé, "Ọ̀bọ lágídò!" Ọmọ tí kò lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ ni ọ̀bọ; ọmọ tí ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sílé ni ọ̀bọ; ọmọ tí ó wo iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ kọ ni ọ̀bọ jù lọ. Apákun nìkan kọ́ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Ìjẹ̀bú dé Èkìtì, ọ̀rọ̀ náà ti di pàṣán kejì lọ́wọ́ olùkọ́. Nígbà tí ó bá sì di àkókò àròkọ, ọmọ kan náà tí a ti pè ní ọ̀bọ yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ènìyàn nìkan ni Ọlọ́run fún ní làákàyè, pé ariwo lásán ni igbe ẹranko, àti pé ọ̀bọ kò mọ̀ ju kí ó máa sín ènìyàn jẹ lọ. Olùkọ́ yóò sì fún un ní máàkì.

Máàkì tí kò tọ́ ni. Irọ́ mẹ́ta ni a kó jọ síbẹ̀: pé ọ̀bọ kò gbọ́n, pé sísín-ni-jẹ ni gbogbo ìmọ̀ rẹ̀, àti pé igbe rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó bá ń fi èyí kọ́ ọmọ ń tàbùkù ìmọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí ìwádìí ti já nírọ́ tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ sísín-ni-jẹ ni ó yẹ kí ó ṣáájú, nítorí òun ni ó gbajúmọ̀ jù. Ní ọdún 2005, Victoria Horner àti Andrew Whiten ti Yunifásítì St Andrews ní Skọ́tílándì tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n ṣe àpótí kan tí wọ́n fi oúnjẹ sínú rẹ̀. Wọ́n fi bí a ti ń ṣí i han àwọn ọmọ ìnàkí, irú èyí tí Òyìnbó ń pè ní ṣìmpáǹsí, ní ibi ààbò ẹranko kan nílẹ̀ Afíríkà. Wọ́n tún fi han àwọn ọmọ ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn ìṣe kan kún un tí kò wúlò fún ohunkóhun, bí i kí a máa fi igi gún òkè àpótí náà. Nígbà tí àpótí náà ṣókùnkùn tí ojú kò ríran wọ inú rẹ̀, ìnàkí ṣe gbogbo ohun tí ó rí. Nígbà tí wọ́n lo àpótí tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí ó sì hàn kedere pé igi tí a fi ń gún òkè kò kan oúnjẹ rárá, ìnàkí fi ìṣe asán sílẹ̀, ó lọ tààrà síbi tí oúnjẹ wà. Ọmọ ènìyàn ńkọ́? Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ti asán àti ti gidi, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Nínú ìdánwò yìí, ta ni ó sín ẹnìkejì rẹ̀ jẹ?

Ìdánwò náà kò sọ ọmọ ènìyàn di òpè. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé fífarawé àgbà láìbéèrè ìdí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọmọ ènìyàn lè kọ́ àṣà tí ó díjú. Ọmọ Yorùbá kì í kọ́kọ́ béèrè ìdí tí a fi ń dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wí pé àfarawé ni ti ọ̀bọ, làákàyè ni ti ènìyàn, ti gbé ẹrù fún ẹni tí kò ni ín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọgbọ́n ọwọ́ àwọn ẹranko wọ̀nyí ti tó, kí ó wo Bossou, abúlé kan ní orílẹ̀-èdè Gínì. Yukimaru Sugiyama, onímọ̀ ọmọ Jàpáànù, ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí níbẹ̀ ní ọdún 1976. Tetsuro Matsuzawa tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Èkùrọ́ ni àwọn ìnàkí Bossou ń fọ́. Wọn a tẹ́ òkúta kan sílẹ̀, wọn a gbé èkùrọ́ lé e lórí, wọn a sì fi òkúta kejì lù ú títí tí ohun jíjẹ inú rẹ̀ yóò fi jáde, gan-an bí àwọn ìyá àgbà ti ń ṣe é lẹ́yìnkùlé kí ẹ̀rọ ìpakùrọ́ tó dé. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọmọ ìnàkí a máa jókòó ti ìyá rẹ̀, a máa wò ó, a máa fi ọwọ́ gbá èkùrọ́, a máa gbé òkúta láìmọ ohun tí yóò fi ṣe. Ó ń gbà á ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó mọ̀ ọ́n fọ́ dáadáa. Ní gbogbo àkókò náà, ìyá rẹ̀ a máa fi í sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ kí ó máa wò. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò ní ọ̀gá tí ó ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Nàìjíríà níhìn-ín, nínú ọgbà igbó ìjọba tí à ń pè ní Gashaka-Gumti, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù, àwọn ìnàkí wà pẹ̀lú. Àwọn wọ̀nyí kì í fi òkúta fọ́ èkùrọ́ bí ará Bossou. Igi ni wọ́n ń ṣà, tí wọ́n fi ń kó ìjàlọ jẹ, tí wọ́n sì fi ń tọ́ oyin nínú ihò. Irú ẹranko kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìṣe wọn yàtọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn, bí ìkọ́kọrẹ́ ti jẹ́ ti Ìjẹ̀bú tí iyán sì jẹ́ ti Èkìtì. Ohun tí ọmọ bá bá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ń kọ́. Bí a bá rí irú èyí láàrin ènìyàn, àṣà ni à ń pè é.

Ní ti igbe, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbé kan olùkọ́ èdè gan-an. Fún ẹni tí kò gbọ́ dùndún, ariwo ni dùndún. Ẹni tí ó ń tajà lẹ́bàá títì ní Òṣòdì mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin igbe tí a fi ń pe oníbàárà àti igbe tí a ń ké nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń kó ọjà ẹ̀bá títì bá yọ lókèèrè. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá yóò rí i tí gbogbo ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n palẹ̀ ọjà mọ́, yóò sì mọ̀ pé igbe náà ní ìtumọ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn onímọ̀ gbà mọ̀ pé igbe ọ̀bọ ní ìtumọ̀. Ohun tí ọ̀bọ ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá gbọ́ igbe ni wọ́n wò.

Thomas Struhsaker ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967 pé irú ọ̀bọ kan ní Amboseli, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, a máa ké igbe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ó bá rí ọ̀tá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọdún 1980, Robert Seyfarth, Dorothy Cheney àti Peter Marler fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dán an wò. Wọ́n gba igbe náà sílẹ̀, wọ́n sì tún un dá fún àwọn ọ̀bọ nígbà tí kò sí ọ̀tá kankan nítòsí. Nígbà tí ẹ̀rọ ké igbe ẹkùn, àwọn ọ̀bọ tí wọ́n wà nílẹ̀ sáré gun igi. Nígbà tí ó ké igbe ẹyẹ idì, wọ́n gbójú sókè, òmíràn sì sá wọ inú igbó ṣúúrú. Nígbà tí ó ké igbe ejò, wọ́n nàró, wọ́n ń wo ilẹ̀ yíká. Ẹkùn kò sí níbẹ̀, idì kò sí níbẹ̀, ejò kò sí níbẹ̀. Igbe nìkan ni ó wà. Ariwo lásán kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n tún rí i pé àwọn ọmọ ọ̀bọ a máa ṣi igbe ké: wọn a ké igbe idì sí ẹyẹ tí kò lè pa wọ́n lára, àní sí ewé tí ń já bọ́ láti orí igi. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà ni àṣìṣe wọn ń dínkù. Olùkọ́ tí ó ti gbọ́ kí ọmọ ọdún méjì máa pe gbogbo ẹran ní "ewúrẹ́" mọ ohun tí à ń wí.

Gashaka-Gumti náà ní ti rẹ̀. Ọ̀bọ kan wà níbẹ̀ tí àmì funfun wà lórí imú rẹ̀. Kate Arnold àti Klaus Zuberbühler tẹ ìwádìí wọn lórí ọ̀bọ yìí jáde ní ọdún 2006. Igbe méjì pàtàkì ni akọ rẹ̀ ní, èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní pyow àti hack. Pyow ni ó sábà máa ń ké nítorí ẹkùn, hack ni ó sábà máa ń ké nítorí idì. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a ké pyow díẹ̀, a sì fi hack díẹ̀ tẹ̀ lé e láìdánudúró. Nígbà náà, ẹkùn kọ́, idì kọ́. Gbogbo agbo ni yóò ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé àkànpọ̀ igbe náà jáde fún wọn, agbo náà gbéra.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò sílẹ̀ ronú sí èyí dáadáa. Bí a bá pa ìtumọ̀ pyow pọ̀ mọ́ ìtumọ̀ hack, kò lè fún wa ní "ẹ jẹ́ ká lọ." Àkànpọ̀ náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nínú gírámà Yorùbá, kí ni à ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ kò fẹ́ ohunkóhun pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ó sá lọ ni. Àkànlò-èdè ni. Arnold àti Zuberbühler fúnra wọn padà wá bi ara wọn léèrè ní ọdún 2012 bóyá bí àkànlò-èdè ni ó yẹ kí a ka àkànpọ̀ igbe yìí sí. Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ń bi ara wọn nípa ọ̀bọ Nàìjíríà ni ìbéèrè tí olùkọ́ Yorùbá ń bi ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ olùkọ́ kan náà a ní ariwo ni.

Ti igbó Taï ní Côte d'Ivoire tún kọjá bẹ́ẹ̀. Karim Ouattara, onímọ̀ ará Côte d'Ivoire, pẹ̀lú Alban Lemasson àti Zuberbühler, kọ̀wé ní ọdún 2009 nípa irú ọ̀bọ kan tí ń ké krak bí ó bá rí ẹkùn. Bí ó bá jẹ́ ìdààmú mìíràn ni, bóyá igi ni ó wó tàbí agbo mìíràn ni ó yọ, ọ̀bọ náà a fi ohùn kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn igbe náà, yóò di krak-oo. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún igbe hok tí ó jẹ́ ti idì pẹ̀lú, tí yóò di hok-oo. Ohun kékeré tí kò lè dá dúró, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ohun tí ó lè dá dúró, tí ó sì ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà: akẹ́kọ̀ọ́ wo ni kò mọ orúkọ rẹ̀? Àfòmọ́ ni, àwọn onímọ̀ náà kò sì pè é ní orúkọ mìíràn. Ìyàtọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó yẹ fún ìjíròrò nínú kíláàsì: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àfòmọ́ àárín ni Yorùbá ń lò, ẹ̀yìn ni ti ọ̀bọ Taï ń gbé.

Ní erékùṣù Tiwai ní ilẹ̀ Sàró, irú ọ̀bọ kan náà ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí ẹkùn níbẹ̀ mọ́. Níbẹ̀, krak kò jẹ́ igbe ẹkùn. Igbe ìkìlọ̀ fún ohunkóhun ni. Philippe Schlenker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ọdún 2014, wọ́n sì lo orúkọ tí onímọ̀ èdè yóò lò: wọ́n ní bí ẹ̀ka-èdè méjì ni ó rí.

Ṣùgbọ́n irọ́ kejì wà tí ó yẹ kí a yẹra fún, nítorí pé ẹni tí ó sá fún ẹkùn kò gbọdọ̀ kó sẹ́nu ọ̀nì. Àwọn kan wà tí wọ́n ti gbọ́ irú ìròyìn báyìí, tí wọ́n sì fò sókè pé ọ̀bọ ń sọ èdè bí ènìyàn, ohùn nìkan ni kò ní. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1966, Allen àti Beatrix Gardner ní Nevada, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè ọwọ́ tí àwọn adití Amẹ́ríkà ń lò kọ́ ìnàkí kan tí a mú láti Ìwọ̀-oòrùn Afíríkà, Washoe ni orúkọ rẹ̀. Ó mọ àmì tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọdún 1973, Herbert Terrace ti Yunifásítì Columbia ní New York mú òmíràn, Nim, ó sì ní òun yóò fi hàn pé ó lè ṣe gbólóhùn. Nígbà tí ó wo fíìmù ẹ̀kọ́ náà fínnífínní, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Nim ń ṣe ni olùkọ́ ti kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe. Bí gbólóhùn ọmọ ènìyàn ti ń gùn ni ìtumọ̀ rẹ̀ ń pọ̀. Bí ti Nim ti ń gùn, bíbéèrè oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Terrace tẹ èyí jáde ní ọdún 1979, láìbo ìjákulẹ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àlà tí ó yẹ kí olùkọ́ fà nìyí: ìbánisọ̀rọ̀ gbòòrò ju èdè lọ. Àrokò jẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fífi ojú báni wí jẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, igbe ọ̀bọ náà sì jẹ́ ìbánisọ̀rọ̀. Èdè ní ohun tí ó lé. Pẹ̀lú ìwọ̀nba ìró díẹ̀, ènìyàn lè ṣe gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí. Ó lè sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò sí níwájú rẹ̀, ó lè parọ́, ó lè pa àlọ́, ó lè sọ̀rọ̀ nípa èdè fúnra rẹ̀. Ọ̀bọ a ké nítorí ẹkùn òní. Kò sí ọ̀bọ tí ó tíì jókòó pa ìtàn ẹkùn àná fún ọmọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ èyí sínú àròkọ rẹ̀ yẹ fún máàkì ní kíkún. Èyí tí ó bá kọ "ariwo lásán" kò yẹ fún un, àfi bí olùkọ́ bá ń fi máàkì ṣe sàráà.

Ìkùnà Nim tilẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tí àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísín-ni-jẹ kì í fẹ́ gbọ́. Ìnàkí tí a fi sílẹ̀ nínú igbó rẹ̀, nídìí èkùrọ́ rẹ̀, ń fi làákàyè ṣiṣẹ́. Èyí tí a fi èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ há mọ́nú yàrá ni ó ń sín olùkọ́ jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tí ó jọ èyí láàrin ọmọ ènìyàn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970: ọmọ tí a fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ ní ìmọ̀ yé ju ọmọ tí a fi èdè àjèjì kọ́ lọ. Bí ọmọ bá ń ka ohun tí kò yé e ní àkàsórí, kí a tó pè é ní ọ̀bọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí ó kọ́ ọ àti ọ̀nà tí ó gbà kọ́ ọ.

Àtakò mélòó kan kò ní ṣaláì wáyé. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni èyí, kò kan olùkọ́ Yorùbá. Ìjálá ńkọ́? Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde lórí ìjálá ní ọdún 1966, oríkì ẹranko àti ti ewéko wà lára ohun tí àwọn ọdẹ ń sun. Báwo ni olùkọ́ yóò ṣe kọ́ ọmọ ní ìjálá, tí ọmọ kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹdun àti ìjímèrè? Ọ̀bọ, ẹdun, ààyá, ìjímèrè, lágídò, ìnàkí: àwọn ọdẹ kò fi orúkọ wọ̀nyí ṣeré. Ojú tí ó rí ìyàtọ̀ ni ó sọ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ Apákun tí ó jẹ́ pé èébú nìkan ni ó ti gbọ́ "lágídò" rí kò mọ̀ pé orúkọ ẹran gidi ni. Èdè ni ó ń kú lẹ́nu ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí èyí kò bá kan olùkọ́ Yorùbá, ta ni ó kàn?

Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti máa fi ẹranko wé ènìyàn tí Ọlọ́run dá ní àrà ọ̀tọ̀. Ta ni ó wá dá ẹranko? Ẹni tí ó bá gbà pé Ẹlẹ́dàá kan ni ó dá gbogbo nǹkan kò bọlá fún un nípa pípe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní òpè. Yorùbá tí ń ki ìbejì ní Ẹdunjọbí, tí ìtàn àwọn àgbà sì so ìbejì pọ̀ mọ́ ẹdun orí igi, kò ka orúkọ náà sí èébú. Oríkì ni ó jẹ́ fún wọn.

Àtakò kẹta ni ó wúwo jù, ó sì yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí adúláwọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ìnàkí, ó ń fún àwọn tí wọ́n ti bú u rí ní ohun ìjà. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1906, ní ìlú New York, a fi Ota Benga, ọmọ ilẹ̀ Kóńgò, hàn fún èrò ìwòran nínú ilé àwọn ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko Bronx. Àwọn oníwàásù adúláwọ̀ ni wọ́n dìde tako o títí tí a fi mú un kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni àwọn tí wọ́n ṣe é fi gbé e ró: wọ́n ní àwọn ènìyàn kan súnmọ́ ìnàkí ju àwọn kan lọ. Ìwé àjogúnbá inú ara ìnàkí tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2005 fi hàn bí ènìyàn àti ìnàkí ti súnmọ́ra tó, kò sì sí àwọ̀ kan tí ó súnmọ́ ọn ju òmíràn lọ. Òyìnbó àti adúláwọ̀, ìbátan kan náà ni wọ́n jẹ́ fún un. Òtítọ́ yìí ni ó ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹni tí ó ń fún un ní ohun ìjà ni olùkọ́ adúláwọ̀ tí ó dúró níwájú ọmọ adúláwọ̀, tí ó ní, "Ìwọ ọ̀bọ yìí!" Bí òde bá tún wá pe ọmọ náà bẹ́ẹ̀ lọ́la, ta ni yóò sọ pé ilé kọ́ ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ?

Àkókò kò sì pọ̀. Nínú igbó ìjọba bí Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ìdànrè ní Oǹdó àti Ìṣẹ̀ ní Èkìtì, ìwọ̀nba ìnàkí ni ó kù. Ọ̀bọ ọlọ́rùn-funfun kan wà tí ó jẹ́ pé gúúsù Nàìjíríà àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ó múlé tì í nìkan ni ilé rẹ̀ láyé. Bí ó bá tán níbí, ó tán nìyẹn. Gígé igi àti pípa ẹran igbó tà ni ó ń pa wọ́n run. Ènìyàn kì í dáàbò bo ohun tí a ti kọ́ ọ láti kékeré pé kò níláárí.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe kò ga jù ú lọ. Kí ó kó orúkọ àwọn ẹran wọ̀nyí sí ojú pátákó pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì rán ọmọ lọ béèrè wọn lọ́wọ́ àgbà ilé. Kí ó fi krak-oo kọ́ àfòmọ́, kí ó fi ọ̀bọ Gashaka kọ́ àkànlò-èdè, kí ó fi Taï àti Tiwai kọ́ ẹ̀ka-èdè. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ kò ní gbàgbé. Láti Apákun, kò ju ìrìn-àjò ọjọ́ kan lọ láti kó kíláàsì lọ sí ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá ní Lẹ́kí, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, níbi tí àwọn ọ̀bọ ti ń gbé lórí igi láìsí ẹ̀wọ̀n lọ́rùn. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ igi, kí wọ́n gbọ́ igbe, kí wọ́n kọ ohun tí ọ̀bọ ṣe lẹ́yìn igbe kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àròkọ tí yóò ti ibẹ̀ jáde yóò sàn ju ogún àròkọ lórí "Ọjọ́ Tí N Kò Lè Gbàgbé" lọ.

Ní ti èébú náà, kí ó dópin. Ẹni tí ó bá ń fi ọ̀bọ bú ọmọ kò mọ ọ̀bọ, kò sì mọ ọmọ. Ìnàkí Bossou ń fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún jókòó ti ọmọ rẹ̀ nídìí èkùrọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ tí kò bá lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ jókòó tì í, kí ó sì tún un kọ́.